Ohun tí GI ń sọ, àti ohun tí kì í sọ

Bí wọ́n bá sọ fún èèyàn ní ọsibítù pé ṣúgà rẹ̀ ti ga, nǹkan àkọ́kọ́ tó sábà máa ń ṣe ni pé á gbé agolo ṣúgà kúrò lórí tábìlì, á gbé ìgò oyin síbẹ̀. Àǹtí mi kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ti búra pé ògidì ni, pé kò lè ṣe alátọ̀gbẹ ní nǹkan kan. Oyin náà lè jẹ́ ògidì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí nǹkan ti wá ni "ògidì" ń sọ, kò sọ ohun tó máa ṣe bó bá dénú ẹ̀jẹ̀.

Ìyẹn ni GI wà fún. Glycaemic index ni Òyìnbó ké kúrú bẹ́ẹ̀: òṣùwọ̀n bí oúnjẹ kan ṣe ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè tó. David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà, ló gbé e jáde ní 1981. Wọ́n á mú èèyàn bíi mẹ́wàá tí kò tíì fẹnu kan nǹkan láti alẹ́ àná, wọ́n á fún wọn ní gíráàmù 50 gúlúkóòsì, ìyẹn irú ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún wákàtí méjì. Lọ́jọ́ mìíràn, oúnjẹ tí kábóháídíréètì inú rẹ̀ tó iye yẹn ni wọ́n á jẹ. Gúlúkóòsì ni 100. Òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìyókù. Láti 55 wálẹ̀, ó kéré. Láti 70 sókè, ó ga.

Ṣúgà funfun wà ní nǹkan bíi 65. Oyin wà nítòsí 60, ó sì lè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀, torí òdòdó tí kòkòrò rẹ̀ fà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣé ẹ rí i pé ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò tó nǹkan? Ṣíbí ló tún wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Oyin wúwo: ṣíbí tíì kan rẹ̀ tó gíráàmù 7, ṣúgà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6 níbẹ̀. Ṣíbí ṣúgà funfun kan kò ju bíi gíráàmù 4 lọ. Àǹtí mi tó ń fi oyin ṣíbí méjì rọ́pò ṣúgà ṣíbí méjì, ṣe ló ń fi kún un. Ó sì ń dà á sínú ògì, bẹ́ẹ̀ ògì fúnra rẹ̀ ń di gúlúkóòsì nínú ikùn, ì báà má dùn rárá.

Nọ́ńbà tó kéré náà lè tan èèyàn. Omi dídùn tí wọ́n ń rí lára igi agave ní Mẹ́síkò kì í sábà kọjá 30, torí fúrúkítóòsì, irú ṣúgà mìíràn, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni fúrúkítóòsì ń gbà lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rá. GI kò rí ìyẹn.

Òróró ńkọ́? Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀, nítorí náà kò ní GI tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dá oúnjẹ dúró pẹ́ nínú ikùn, ìdí nìyẹn tí ọ̀dùnkún òyìnbó (Irish potato) tí wọ́n dín gbẹ fi ń gba nọ́ńbà tó kéré ju èyí tí wọ́n sè lọ. Kò wá túmọ̀ sí pé ẹ máa dín gbogbo nǹkan o. Kálórì 9 ló wà nínú gíráàmù òróró kan, 4 ló wà nínú ti ṣúgà. Àtọ̀gbẹ sì tún máa ń wá ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ kiri, nítorí náà ẹ wo irú ọ̀rá tó ń dì, tó ń mú kọlẹ́sítẹ́róòlù ga: ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ nínú òróró àgbọn tí gbogbo èèyàn ń pariwo, ó tó ìdajì nínú epo pupa, kò sì ju bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ nínú òróró ẹ̀pà. Èmi kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni da epo pupa nù. Ìgò ni kí ẹ má ṣe dà kọ ìkòkò; ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n.

Ó dùn mọ́ mi pé adùn tí kò ní ṣúgà wà nítòsí wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ní èso pupa kan tó máa ń so nísàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀. Ohun tó bo kóró rẹ̀ ní thaumatin, èyí tó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po bíi 2,000 sí 3,000. Purotéènì ni, ìwọ̀nba bíńtín ló sì ń dùn, nítorí náà kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Dókítà ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, William Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ewé náà. Adùn rẹ̀ kì í tètè dé, bó bá sì dé, kì í tètè lọ; kò fi bẹ́ẹ̀ bá tíì mu. Stevia, ewé ilẹ̀ Paraguay, ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀, torí wọ́n máa ń fi dextrose bù ú kún, gúlúkóòsì gan-an sì ni dextrose.

Bí ẹni tó ń gba ínsúlínì bá ṣàdédé ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Stevia kò lè gbà á lọ́jọ́ yẹn. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú omi. Ẹ lè lo oyin dípò ṣúgà náà.