Ta lẹ̀ ń kọ́ gan-an, ọmọ àbí ìyá ẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti tọ̀ àti láti yàgbẹ́ síbi tó yẹ: ti póò, àti èyí tí wọn kì í fi pampers sí ọmọ nídìí. Ti póò, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ọmọ á tó ọdún kan ààbọ̀ sókè, á ti lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, á lè bọ́ pátá, wọ́n á wá gbé e jókòó. Ó tán. Eléyìí tí wọn kì í fi pampers sí ọmọ nídìí ló dùn ún sọ, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ńṣe ni wọ́n ń fipá kọ́ ọmọ oṣù méjì láti mú ìtọ̀ mọ́ra. Irọ́ ni jàre, ìyá ló wà nílé ìwé.

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ lèrò ọkọ̀ Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta, ìyá ni kọ̀ńdọ̀. Kí ọmọ tó ṣe é, á ti ké "Ó wà o!" lọ́nà tiẹ̀: á máa gba ọmú á máa tú u jù sílẹ̀, á fajú ro, á ta ẹsẹ̀, tàbí kó ṣàdédé dákẹ́ bí ẹni tó ń ro gbèsè. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á fẹ́ tọ̀. Tí wàrà bá sì ti balẹ̀ síkùn, ìfun tó wà nísàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti tàná jáde, ìyẹn ni ẹnu ọmọ ò ṣe tíì kúrò lọ́mú tí ìdí ẹ̀ á ti máa dáhùn. Kọ̀ńdọ̀ tó bá gbọ́ á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé ọmọ lé ọrùn ẹsẹ̀, á máa pe "ṣíííí", tó bá yá ohùn yẹn nìkan á máa ṣílẹ̀kùn. Pampers wá dà bí ọkọ̀ tó yí rédíò sókè, èrò ń ké, kò sẹ́ni tó gbọ́, ó bọ́ọ́lẹ̀ síbi tó bá a, ara ẹ̀ gbẹ, òun gan-an ò mọ̀ pé òun ti bọ́ọ́lẹ̀. Tó bá wá pé ọmọ ọdún méjì, wọ́n á ní kó tún máa ké padà!

Ní 1962, Dókítà Brazelton, dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n dúró dìgbà tí ọmọ bá tó oṣù 18 kí wọ́n tó kọ́ ọ ní póò, torí ìfipá tó ń bà á lẹ́rù, kò sì burú. Àmọ́ ní 1977 ìwádìí jáde nípa ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ Digo ní Kenya: ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ìyá na ẹsẹ̀, ó ń pe irú ohùn yẹn náà, tó bá fi máa tó oṣù 5 sí 6 ara ọmọ ti ń gbẹ tọ̀sán tòru. Ìyá àgbà tó wà l'Aké á kàn rẹ́rìn-ín ni, ṣé èyí náà la ń ṣèwádìí ẹ̀?

Àléébù ẹ̀ ni pé kọ̀ńdọ̀ ò gbọdọ̀ sùn. Ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, oníbàárà ń ná ọjà, ọmọ ń jà lẹ́yìn, kó tó tú ọ̀já, ẹ̀yìn ẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń pín in sí méjì: àárọ̀ àti ẹ̀yìn ọmú, àpótí; tí wọ́n bá ti dé ìsọ̀, nápí.