Ìwé Kan, Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgọ́rin: Ibi Tí Ìwé Àyàsọ́tọ̀ Ti Bẹ̀rẹ̀

Olùkọ́ kan dúró níwájú kíláàsì, ó ní kí gbogbo wọn lọ ka orí kẹrin ìwé báyìí báyìí kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé. Akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rin ló gbọ́ ọ. Ẹ̀dà ìwé náà tó wà ní ilé ìkàwé kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá jù ni yóò gbé e lọ sílé, yóò sì fi í sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó kù á wá máa wojú ara wọn. Ọ̀ràn yìí ló bí àṣà ìwé àyàsọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní rìsáàfù: wọ́n á yọ ìwé tí kọ́ọ̀sì kan nílò kúrò láàárín àwọn yòókù, wọ́n á kó o sẹ́yìn kántà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á gbà á fún wákàtí méjì, á dá a padà, ẹlòmíì á gbà á.

Ó jọ ohun tó ti wà látọjọ́ táláyé ti dáyé, àmọ́ kò ju nǹkan bí 150 ọdún lọ. Kì í sì í ṣe ọ̀wọ́n ìwé nìkan ló dá a sílẹ̀. Ìwé ti wọ́n tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kántà.

Ní Paris, ní ilé ẹ̀kọ́ Sorbonne, ohun tí wọ́n fi yanjú ọ̀wọ́n ìwé ni ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n irin ni mo ń wí. Lọ́dún 1289 wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀, wọ́n so àwọn ìwé tí gbogbo èèyàn nílò mọ́ tábìlì, wọ́n sì fi àwọn tó kù sí yàrá kékeré tí wọ́n ti lè yá wọn. Lọ́dún 1321 wọ́n ṣòfin pé ẹ̀dà tó bá dára jù nínú ìwé kọ̀ọ̀kan ni kó wọ ẹ̀wọ̀n. Ọ̀ràn ìwé yàtọ̀ sí ti èèyàn, ẹni rere ló ń ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n lọ́dún 1338, ìwé tó lé ní 1,700 ni wọ́n rí, ó lé ní 300 nínú wọn tó wà lẹ́wọ̀n. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀: kí ìwé kan tó lè jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e lọ. Gbogbo ohun tí rìsáàfù ń ṣe títí dòní kò kọjá èyí. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ti Sorbonne. Olùkọ́ kọ́ ló ń yan ìwé síbẹ̀ fún kíláàsì rẹ̀, sáà kì í sì í parí kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Ìwé títẹ̀ dé, ìwé di ohun tí kálukú lè rà. Fún ìgbà pípẹ́, ìwé kan ṣoṣo ni kọ́ọ̀sì kan ń lò ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí, olùkọ́ á bi í léèrè, á kà á jáde bí ẹni ń ka oríkì. Kí lẹni tó ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń wá ní ilé ìkàwé? Iṣẹ́ olùtọ́jú ìwé nígbà náà ni kó ṣọ́ ìwé, kì í ṣe kó fún ẹnikẹ́ni. Àwàdà kan wà tí wọ́n máa ń pa nípa John Langdon Sibley, tó tọ́jú ìwé ní yunifásítì Harvard láti 1856 dé 1877: wọ́n ní ẹnì kan pàdé rẹ̀ lọ́nà, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ní gbogbo ìwé òun ló ti wọlé àfi méjì, ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Agassiz ni wọ́n wà, òun sì ń lọ gbà wọ́n. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, àwàdà náà dùn nítorí pé gbogbo wọn ló mọ irú ẹni tí ó ń bá wí.

Ìgbà tí ọ̀nà ìkọ́ni yí padà ni nǹkan dàrú. Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó lọ kàwé ní Jámánì rí kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ti jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń fi ìwé kan yẹ òmíràn wò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìwé kan kò sì lè sọ gbogbo ìtàn tán. Wọ́n gbé àṣà náà wálé. Ní Harvard, ọdún 1869 ni Charles William Eliot di ààrẹ, tó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa yan púpọ̀ nínú kọ́ọ̀sì tó wù ú. Kọ́ọ̀sì di púpọ̀, ìwé tí wọ́n ń kà di púpọ̀, ẹ̀dà kò sì pọ̀ sí i.

Àwọn amòfin ló kọ́kọ́ kan ìṣòro náà. Christopher Columbus Langdell, tó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ òfin Harvard lọ́dún 1870, ní ẹjọ́ tí adájọ́ ti dá gan-an ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kà. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú ìwé ńlá kan ni àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan wà, gbogbo kíláàsì ló sì nílò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Langdell rí i pé kò lè ṣeé ṣe. Lọ́dún 1871 ó ṣa ẹjọ́ nípa àdéhùn jọ, ó tẹ̀ wọ́n sínú ìwé kan tí kálukú lè rà. Ohun tí olùkọ́ ìtàn ń lò tàn káàkiri ju kó ṣeé ṣà sínú ìwé kan. Henry Adams, tó kọ́ni ní ìtàn níbẹ̀ láti 1870 dé 1877, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ya ìwé sọ́tọ̀ fún kíláàsì òun.

Ẹni tó sọ ọ́ di ètò ni Justin Winsor, tó ti ṣe alábòójútó ilé ìkàwé ìlú Boston kó tó gba ipò Sibley lọ́dún 1877. Ó ní kí olùkọ́ kọ orúkọ ìwé tó máa rán akẹ́kọ̀ọ́ sí wá. Wọ́n á yọ àwọn ìwé náà kúrò ní àyè wọn, wọ́n á kó wọn síbi kan tí ọwọ́ lè tó. Ojú ọ̀sán, inú ilé ìkàwé ni wọ́n ti ń kà á. Bí ilẹ̀ bá ṣú, akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé e lọ sílé, kó dá a padà láàárọ̀. Tèmi ni pé ìgbé-sùn yìí ni ojúlówó ọgbọ́n rẹ̀. Gore Hall, ilé tí ìwé wà nígbà náà, kò ní iná, ìbẹ̀rù ìjóná kò sì jẹ́ kí wọ́n fi síbẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, ilẹ̀kùn dé. Ìwé tó bá sùn síbẹ̀, inú òkùnkùn ló sùn, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Àṣà náà tàn lọ sí àwọn yunifásítì mìíràn, ọgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ń lé e bọ̀. Àwọn kan á ya ojú ewé. Mo mọ ẹnì kan tó máa ń fi ìwé ìtàn pamọ́ sẹ́yìn àwọn ìwé nípa kòkòrò, kó lè bá a níbẹ̀ lọ́la. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí èmi ni.

Lọ́dún 1949 Harvard ṣí ilé ìkàwé Lamont, ilé odidi fún àwọn tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́, ìwé kọ́ọ̀sì wọn sì wà ńbẹ̀ lẹ́dàlẹ́dà. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé. Àwọn obìnrin Radcliffe, kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Harvard, ti ń jókòó sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin láti 1943, àmọ́ ilẹ̀kùn Lamont kò ṣí fún wọn títí di 1967. Ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n yà sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Xerox 914, tí wọ́n fi han aráyé lọ́dún 1959, sọ fótókọ́pì di ohun tí kò le. Olùkọ́ kò ní láti gbé odidi ìwé sẹ́yìn kántà mọ́, ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú fáìlì ti tó. Ibẹ̀ ni ìjà ti wọlé. Ìwé tí ilé ìkàwé fowó ara rẹ̀ rà, ó lè yá a fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn, kò sẹ́ni tó máa pè é lẹ́jọ́. Fótókọ́pì jẹ́ ẹ̀dà tuntun, ẹ̀dà tuntun sì ní ẹni tó ní àṣẹ rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà ti 1976 dárúkọ ẹ̀dà púpọ̀ fún kíláàsì lára ohun tó lè jẹ́ ìlò tó tọ́, ìyẹn ìlò tí kò nílò àṣẹ, kò sì sọ iye tó pọ̀ jù. Lọ́dún 1991, kóòtù kan ní New York dá Kinko's, ilé iṣẹ́ fótókọ́pì, lẹ́bi pé ó ń ṣe ìdìpọ̀ fótókọ́pì tà fún akẹ́kọ̀ọ́ láìgbàṣẹ. Ara àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé bù máṣọ.

Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lẹ́yìn kántà bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Lóṣù kẹrin 2008, ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta, Cambridge, Oxford àti SAGE, pe yunifásítì Ìpínlẹ̀ Georgia lẹ́jọ́ pé ó ń gbé ojú ewé ìwé wọn sórí kọ̀ǹpútà fún akẹ́kọ̀ọ́ láìgbàṣẹ. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ: ọdún méjìlá ni wọ́n fi ń fà á. Lọ́dún 2012 Adájọ́ Orinda Evans yẹ ẹ̀sùn 74 wò lọ́kọ̀ọ̀kan, márùn-ún péré ló rí i pé ó rú òfin. Ó fi ìdá mẹ́wàá ìwé, tàbí orí kan, ṣe òdiwọ̀n. Lọ́dún 2014 kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní kò sí òdiwọ̀n kan tó bá gbogbo ẹ̀ mu, kó lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó fi máa di 2020, mẹ́wàá nínú ẹ̀sùn 48 tí wọ́n tún yẹ̀ wò ni ẹ̀bi wà.

Ọdún yẹn kan náà ni àrùn Kòfíìdì ti ilẹ̀kùn. Nínú gbogbo ibi tó wà ní ilé ìkàwé, kántà ìwé àyàsọ́tọ̀ ló burú jù lásìkò àrùn, torí ọwọ́ tó ń gba orí ìwé kan kọjá lójúmọ́ pọ̀ jù. HathiTrust, àjọ tí àwọn yunifásítì dá sílẹ̀ lọ́dún 2008 láti tọ́jú ìwé tí wọ́n ti yà sínú kọ̀ǹpútà, ṣí àwọn ìwé náà fún àwọn tí ilé ìkàwé wọn wà ní títì. Nígbà náà, bí ilé ìkàwé kan bá ní ẹ̀dà méjì lórí pẹpẹ, èèyàn méjì péré ló lè ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí kan ni wọ́n ń fún ẹni tó bá gbà á. Bí wákàtí bá pé, tí ẹlòmíì sì ń dúró, ìwé náà á pa dé mọ́ ẹni tó ń kà á lójú, á kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.