Funfun tó wà lẹ́yìn kòkòrò tòmátì yẹn, kì í ṣe ẹyin ẹ̀ o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń gbin tòmátì sẹ́yìnkùlé ní Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá rí katapílà ńlá aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní hornworm, tí nǹkan funfun bíi hóró ìrẹsì wá tò sẹ́yìn ẹ̀, ẹ má sáré tẹ̀ ẹ́ pa. Wọ́n á ní ó ti yé ẹyin ni, pé tá a bá fi sílẹ̀ kòkòrò á kún ọgbà. Katapílà kì í yé ẹyin rárá, ọmọ ṣì ni, àfòpiná tó máa dà ló ń yé. Ilé òwú táwọn ọmọ agbọ́n hun ni nǹkan funfun yẹn, agbọ́n kékeré kan tó ń jẹ́ Cotesia congregata, kò tó ẹ̀fọn, kì í sì í ta èèyàn.

Agbọ́n yẹn á gún katapílà bí abẹ́rẹ́, á yé ẹyin sínú ẹ̀. Ẹ má rò pé katapílà kàn ń wò ó o. Sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tó dà bí ọdẹ àdúgbò, tí àjèjì bá ti wọlé wọ́n á ṣù bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn títí á fi dúdú tá á kú síbẹ̀. Báwo lẹyin agbọ́n ṣe wá ń yè é? Fáírọ́ọ̀sì ni! Agbọ́n fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é nínú ilé ẹyin ẹ̀, àwọn ìyá ńlá ẹ̀ ti ń jogún ẹ̀ bọ̀ láti bíi 100 mílíọ̀nù ọdún, á tú u pọ̀ mọ́ ẹyin àti oró, kò ní bí sí i nínú katapílà o, àwọn ọdẹ yẹn ló ń wọ̀ lára, wọn ò sì ní lè lẹ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́. Lọ́dún 1981 àwọn onímọ̀ fi irú agbọ́n mìíràn dán an wò, wọ́n fọ ẹyin ẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó fi sínú katapílà, àwọn sẹ́ẹ̀lì bò ó pa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì kún un, ẹyin yè.

Ẹ̀jẹ̀ katapílà làwọn ọmọ yẹn á máa mu fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó lu awọ ẹ̀ jáde wá hun ilé. Èyí tí mo rí lórí tòmátì mi, mo fi sílẹ̀, kò tún fẹnu kan ewé mọ́. Ọjọ́ karùn-ún, orí àwọn ilé funfun yẹn ṣí bí ọmọrí ìkòkò, agbọ́n dúdú wẹ́wẹ́ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.