Fọ́ǹtì Times New Roman àti Calibri lórí Linux: Bí Ojú Ìwé Yín Kò Ṣe Ní í Dàrú

Iṣẹ́ tí wọ́n bá yín tẹ̀ sórí Word nílé ìtẹ̀wé jẹ́ ojú ìwé 60. Ẹ gbé e délé, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà Linux yín, ó di 64. Àkọlé orí kẹta ti já sí ìdí ojú ìwé, tábìlì ti là sí méjì, nọ́ńbà inú àtòkọ àkóónú kò sì bá ibi tí orí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ mu mọ́. Ẹ̀bi LibreOffice, ètò tí a fi ń ṣí ìwé Word lórí Linux, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá bá mi, fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, ni mo kọ́kọ́ ń wò, torí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n fi tẹ iṣẹ́ náà ni kò sí lórí ẹ̀rọ.

Fáìlì .docx kì í sábà gbé fọ́ǹtì dání. Orúkọ fọ́ǹtì ló ń gbé. Bí ó bá sọ pé Calibri, tí kọ̀ǹpútà yín kò sì ní Calibri, ẹ̀rọ á wá òmíràn fi dípò rẹ̀. Bí lẹ́tà «m» inú fọ́ǹtì arọ́pò yìí bá fi bíńtín fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó parí ìlà á bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e, ìpínrọ̀ onílà márùn-ún á di mẹ́fà, títí ojú ìwé á fi kún ju bó ti yẹ lọ. Fífẹ̀ lẹ́tà ló ń fa gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yìí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ wá fọ́ǹtì gan-an àti ìgbà tí arọ́pò ti tó.

Kí ló dé tí Linux kò fi kó wọn wá látilẹ̀? Wọ́n ní ẹni tó ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ Monotype ló ṣe Times New Roman fún ìwé ìròyìn The Times ti London. Stanley Morison ló darí iṣẹ́ náà, Victor Lardent ló ya lẹ́tà rẹ̀, ọdún 1932 ni ìwé ìròyìn náà sì kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú rẹ̀. Lucas de Groot ló ya Calibri fún Microsoft, Word 2007 ló sì sọ ọ́ di fọ́ǹtì tí gbogbo ayé ń bá lójú ìwé tuntun. Àwọn tó ń ṣe Ubuntu tàbí Debian, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, kò lè kàn mú ohun tí kì í ṣe tiwọn kún ohun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ fún díẹ̀ nínú wọn. Ní 1996, Microsoft gbé àkójọ fọ́ǹtì kan síta kí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lè rí bákan náà níbi gbogbo: Times New Roman, Arial, Courier New, Georgia, Verdana, Trebuchet MS àti àwọn mìíràn bíi mélòó kan. Wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2002, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi gbé e síta gbà kí ẹlòmíràn máa pín in, bí kò bá ti tú u tàbí yí i padà. Ìdí nìyẹn tí páàkì Linux (ètò tí wọ́n dì fún gbígbé sórí ẹ̀rọ) tó ń jẹ́ ttf-mscorefonts-installer kò fi ní fọ́ǹtì kankan nínú. Orí ẹ̀rọ tiyín ló ti máa ń lọ gbé fáìlì ti Microsoft gan-an wá láti íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti tú u. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ ní dátà lórí nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.

Lórí Ubuntu tàbí Linux Mint, ẹ ṣí Terminal, fèrèsé tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ èyí:

sudo apt install ttf-mscorefonts-installer

Lórí Debian, ẹ kọ́kọ́ rí i pé «contrib» wà nínú ibi tí apt, ètò tó ń gbé páàkì wá, ti ń gbé nǹkan. Fedora, oríṣi Linux mìíràn, kò ní páàkì yìí ní ibùdó tirẹ̀. Bí Terminal bá bèèrè páásíwọ́ọ̀dù, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kó bà yín lẹ́rù pé ohun tí ẹ ń tẹ̀ kò hàn. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń há ló tẹ̀ lé e. Ìwé àdéhùn Microsoft á ṣí bo ojú Terminal, <Ok> á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó ti wù kí ẹ fi máòsì tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní í dáhùn. Bọ́tìnì Tab lórí kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ tẹ̀, kí <Ok> lè yí àwọ̀ padà, kí ẹ tó tẹ Enter. Yóò tún bèèrè bóyá ẹ gbà sí àdéhùn náà: ẹ fi bọ́tìnì ọfà bọ́ sórí <Yes>, ẹ tẹ Enter. Ẹni tó bá ti fi ìkánjú yan <No>, ẹ̀rọ á rántí èsì yẹn, bó bá tiẹ̀ ń tẹ àṣẹ yẹn lọ́jọ́ gbogbo. Kó kọ́kọ́ nù ún kúrò pátápátá:

sudo apt purge ttf-mscorefonts-installer

kó tó padà lọ tẹ àṣẹ àkọ́kọ́. Ìṣòro kejì ni ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já lójú ọ̀nà. Apt lè sọ pé páàkì ti wà lórí ẹ̀rọ, kó má sì sí fọ́ǹtì kankan níbẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dúró kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ báyìí:

sudo apt install --reinstall ttf-mscorefonts-installer

Ẹ má gbára lé ojú láti mọ̀ bóyá ó ti wọlé, torí arọ́pò Times New Roman jọ ọ́ gan-an. Ẹ bi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀:

fc-match "Times New Roman"

Bó bá dáhùn pé LiberationSerif-Regular.ttf, arọ́pò ni ẹ ṣì ń lò. Bó bá dáhùn pé Times_New_Roman.ttf, ó ti dé. Nínú LibreOffice náà, ẹ wo àpótí tí orúkọ fọ́ǹtì máa ń wà lókè: bí orúkọ náà bá dẹ̀gbẹ́, a jẹ́ pé fáìlì dárúkọ fọ́ǹtì tí ẹ̀rọ yín kò ní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn yí orúkọ náà padà nínú iṣẹ́ oníṣẹ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ ṣe àtúnṣe yín, tí ẹ dá a padà, Word ti ẹni tó ni ín á tún rí Calibri rẹ̀ bó ti wà. Bí ẹ bá yí i sí nǹkan mìíràn, ẹ ti ba ètò rẹ̀ jẹ́ fún un nìyẹn.

Àwọn arọ́pò yìí, mo fẹ́ kí ẹ fi ojú tó dára wò wọ́n. Ilé iṣẹ́ Red Hat gbé Liberation jáde ní 2007, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ wọn fífẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ kó bá ti fọ́ǹtì Microsoft dọ́gba: Liberation Serif fún Times New Roman, Liberation Sans fún Arial, Liberation Mono fún Courier New. Ẹ rò ó bí agbádà méjì tí télọ̀ gé sí ìwọ̀n ara ẹnìkan ṣoṣo: iṣẹ́ ọrùn lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n apá kò gùn jura lọ. Ìlà tó parí síbì kan nínú Times New Roman, ibẹ̀ náà ló yẹ kó parí sí nínú Liberation Serif. Fún lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé ìpàdé, àti ìwé tí ẹ fẹ́ kà lásán, ó tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Calibri àti Cambria, tí wọn kò sí nínú àkójọ 1996 rárá, tí páàkì òkè yẹn kò sì lè gbé wá. Carlito, tí wọ́n fi fọ́ǹtì Lato ṣe, bá ìwọ̀n Calibri mu. Caladea bá ti Cambria mu:

sudo apt install fonts-crosextra-carlito fonts-crosextra-caladea

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé bí fáìlì bá pe Calibri, Carlito ni kó dáhùn. Ẹ tẹ fc-match Calibri kí ẹ fi ojú yín rí i. Àmọ́ ẹ kíyè sí fọ́ǹtì Aptos. Láti 2023 ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rọ́pò Calibri nínú Office tuntun, ìwọ̀n Carlito kò sì bá a mu. Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ bẹ ẹni tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kó fi Times New Roman tàbí Calibri tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ó rí ẹni tó máa sọ pé kí ẹ kàn lọ da fódà Fonts inú Windows ọ̀rẹ́ yín kọ sórí tiyín, tàbí kí ẹ wa Calibri lórí ìkànnì tó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi kì í ṣe é fún oníbàárà, n kò sì gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Windows àti Office ni Calibri bá wá, láísẹ́ǹsì ọ̀rẹ́ yín kò sì fún ẹ̀yin láṣẹ kankan lórí rẹ̀. Ẹni tó ní Windows àti Linux pa pọ̀ lórí ẹ̀rọ kan, kó ka láísẹ́ǹsì Windows rẹ̀ dáadáa kó tó fọwọ́ kan fódà yẹn. Ní ti àwọn ìkànnì ọ̀fẹ́, ẹ kò lè mọ ẹni tó tú fáìlì náà tàbí ohun tó yọ kúrò nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ra fọ́ǹtì, tàbí ilé iṣẹ́ yín rà á fún yín, kò nílò sudo, àṣẹ alábòójútó ẹ̀rọ. Fódà kan wà fún un nínú fódà tiyín (home) lórí ẹ̀rọ, àṣẹ yìí ló ń ṣí i:

mkdir -p ~/.local/share/fonts

Ẹ kó àwọn fáìlì .ttf tàbí .otf síbẹ̀, ẹ tẹ fc-cache -f, ẹ pa LibreOffice dé pátápátá kí ẹ tún un ṣí. Ẹ rí i pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé: Regular, Bold, Italic àti Bold Italic. Bó bá jẹ́ Regular nìkan ni ẹ kó síbẹ̀, tí ẹ wá sọ pé kí àkọlé dúdú kirimú, ẹ̀rọ á kàn fi tìpá mú lẹ́tà Regular nípọn ni. Kò ní í lẹ́wà, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ní í bá Bold gidi mu, àwọn àkọlé yín á sì tún sún kúrò ní àyè wọn.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èdè wa. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ń béèrè Times New Roman, ìwọ̀n 12, kódà fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ. Àwọn fáìlì tí páàkì Microsoft yẹn ń gbé wá sì ti dàgbà. Times New Roman inú Windows òde òní ti gba ọ̀pọ̀ lẹ́tà kún un láti ìgbà náà. Ẹ wo bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ èdè wa. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: U+1EB9, U+1ECD, U+1E63. À àti é náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Ẹ ni, tí àmì ohùn òkè, U+0301, wá tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì yẹn máa jókòó sí lórí lẹ́tà. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n á jẹ́ kó yẹ̀ sápá ọ̀tún, tàbí kó lẹ̀ mọ́ lẹ́tà.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ ojú ìwé kan nínú iṣẹ́ yín, ẹ tẹ «ẹ̀ṣẹ́, ọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀», kí ẹ sọ ọ́ di ìwọ̀n 72. Ẹ wo ṣ. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí nípọn ju s tó wà nítòsí rẹ̀ lọ, kò sí nínú fọ́ǹtì yẹn, ẹ̀rọ yá a lọ́wọ́ òmíràn ni. Ẹ wo àmì orí ẹ̀ àti ti orí ọ́ bóyá ó wà láàárín gbùngbùn. Bí lẹ́tà kan bá ń rú yín lójú, ẹ fi kọ́sọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ nínú LibreOffice kí ẹ tẹ Alt àti X pa pọ̀: nọ́ńbà rẹ̀ á jáde, bí ẹ bá sì tún un tẹ̀, á padà di lẹ́tà. Báyìí ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ṣ gidi ni akọ̀wé yín tẹ̀ tàbí s tó fa ìlà sí nídìí.

Bí Times New Roman bá kùnà nínú ìdánwò yìí, mo fara mọ́ Charis SIL tàbí Noto Serif fún iṣẹ́ Yorùbá. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, àmì ohùn sì ń jókòó dáadáa lórí lẹ́tà wọn:

sudo apt install fonts-sil-charis fonts-noto-core

Ẹ lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ yín, kí ẹ tẹ ojú ìwé kan náà jáde pẹ̀lú fọ́ǹtì méjèèjì, kí ẹ gbé e síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iyì àmì ohùn kò ní í ṣòro láti bá sọ̀rọ̀.

Bó bá wá di pé kí ẹ gbé iṣẹ́ lọ tẹ̀ jáde, PDF ni kí ẹ gbé lọ, torí òun máa ń gbé fọ́ǹtì dání. Bó bá jẹ́ .odt, fáìlì ti LibreOffice, ni ẹlòmíràn ṣì fẹ́ ṣe àtúnṣe sí, ẹ lọ sí File, Properties, Font, kí ẹ fi àmì sí Embed fonts in document. Fọ́ǹtì tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀ kò ní í bá a lọ. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ yẹ PDF náà wò. Páàkì poppler-utils ló ní àṣẹ yìí nínú:

pdffonts ise.pdf

Orúkọ gbogbo fọ́ǹtì tó wà nínú rẹ̀ á tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ wo abẹ́ «emb», tó ń sọ bóyá fọ́ǹtì wà nínú fáìlì. Bí «yes» bá wà níwájú gbogbo wọn, ẹ lè gbé e lọ. Bí «no» bá wà níwájú ẹyọ kan péré, ilé ìtẹ̀wé lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀; ẹ tún PDF náà ṣe kí ẹ tó sanwó.