Ìdí tí olùdìbò fi ń bọ́ ìjánu lẹ́nu olórí

Ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn ará El Salvador, orílẹ̀-èdè kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, tún dìbò yan Nayib Bukele sípò ààrẹ. Nígbà náà, ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà kò fàyè gba kí ààrẹ ṣe sáà méjì tẹ̀ léra, ọ̀rọ̀ yìí kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìbò tó rí gbà lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó na ìbọn sí wọn kí wọ́n tó lọ dìbò. Àwọn kan á ní àìmọ̀kan ló ń da irú olùdìbò bẹ́ẹ̀ láàmú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń ṣe, ó sì yẹ ká tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé aṣòfin tó lè kọ àbá ààrẹ, adájọ́ tó lè fagi lé àṣẹ rẹ̀, akọ̀ròyìn tó lè tú àṣírí rẹ̀, iye sáà tí kò gbọdọ̀ kọjá: ìjánu ni gbogbo wọn, òfin ló fi wọ́n sẹ́nu alágbára. Iṣẹ́ wọn ni pé kí aburú má ṣẹlẹ̀. Aburú tí kò wá ṣẹlẹ̀, ta ló rí i tí yóò dúpẹ́? Ṣùgbọ́n ìnira tí ìjánu ń mú wá hàn sí gbogbo ayé: ẹjọ́ tó ń falẹ̀ lọ́dọọdún, afurasí tí adájọ́ tú sílẹ̀ nítorí pé ọlọ́pàá kò tẹ̀lé ìlànà, ètò ìsúná tí àwọn aṣòfin fi ìjà dá dúró. Ẹni tó sì máa ń kọ́kọ́ jàǹfààní ìjánu ni ẹni tí wọ́n mú láìṣẹ̀. Olùdìbò kì í rò ó pé òun lè di ẹni yẹn.

Kí Bukele tó dé lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì, ARENA àti FMLN, ló ti ń gba ipò ààrẹ lọ́wọ́ ara wọn fún ọgbọ̀n ọdún. Ojú wọn ni àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú, MS-13 àti Barrio 18, ṣe gba àdúgbò mọ́ ìjọba lọ́wọ́. Wọ́n ń gba owó tipátipá lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù àti awakọ̀. Ẹni tó bá ti àdúgbò ẹgbẹ́ kan kọjá sí ti èkejì lè má délé mọ́. Lọ́dún 2015, nínú gbogbo 100,000 èèyàn, wọ́n pa ju ọgọ́rùn-ún lọ. Gbogbo ìjánu ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn o, ilé aṣòfin, ilé ẹjọ́, ìdìbò tí kì í yẹ̀. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ kò rí ohun tí ọ̀kankan nínú wọn ṣe fún un. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, lẹ́yìn tí wọ́n pa èèyàn 87 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìjọba kéde ìlànà pàjáwìrì. Àwọn tí wọ́n ti kó látìgbà náà lé ní 80,000. Àwọn aláìṣẹ̀ wà nínú wọn, àwọn mìíràn sì kú sẹ́wọ̀n. Ìpànìyàn lọ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra. Oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni ilé aṣòfin, tí ẹgbẹ́ Bukele ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, lé àwọn adájọ́ márààrún tó ń ṣọ́ ìwé òfin, tí wọ́n sì lé agbẹjọ́rò àgbà tẹ̀ lé wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn tí wọ́n fi rọ́pò wọn ní ààrẹ lè díje lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìjánu ti kúrò lẹ́nu kí ogun jàǹdùkú tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bèèrè rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilé aṣòfin wá mú òpin sáà kúrò pátápátá ní oṣù keje ọdún 2025, ariwo tó tibẹ̀ jáde kò tó nǹkan.

Ìbẹ̀rù kan náà kì í ṣe gbogbo èèyàn bákan náà. Onímọ̀ kan, Karen Stenner, ṣàlàyé pé ní àwùjọ gbogbo, a máa ń rí àwọn tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ àfi kí ìwà àti èrò gbogbo èèyàn rí bákan náà. Láti dá wọn mọ̀, àwọn olùwádìí kì í bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ òṣèlú rárá. Ìbéèrè ọmọ títọ́ ni wọ́n ń bi wọ́n: èwo ló dára jù fún ọmọdé, kó máa gbọ́ràn ni, àbí kó lè dá dúró fúnra rẹ̀? Nígbà tí ìlú bá tòrò, irú èèyàn yìí kò yàtọ̀ sí aládùúgbò rẹ̀. Ìgbà tó bá gbà pé ohun tó so àwùjọ pọ̀ ti ń já ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá olórí ọlọ́wọ́ líle. Abájọ tí olóṣèlú tó fẹ́ ìbò rẹ̀ fi ń pariwo lójoojúmọ́ pé ìlú ti dojú rú, ì báà dojú rú, ì báà má dojú rú.

Èyí tó ká ni lára jù kò sí lọ́dọ̀ irú àwọn wọ̀nyí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi tọkàntọkàn sọ pé àwọn fẹ́ràn ìjọba tiwantiwa ló wà. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ òṣèlú méjì, Matthew Graham àti Milan Svolik, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn olùdìbò Amẹ́ríkà. Wọ́n hùmọ̀ àwọn olùdíje, wọ́n sì mú kí àwọn kan nínú wọn ṣèlérí ohun tó tako ìlànà ìjọba tiwantiwa. Nǹkan bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò péré ló ṣe tán láti torí ìyẹn kọ olùdíje tí wọn ì bá dìbò fún. Bí ìkórìíra ẹgbẹ́ kejì bá ti wọ̀ ọ́ lára, ẹni tó mọ̀ pé olùdíje òun ń rú òfin yóò ṣì dìbò fún un, nítorí lójú tirẹ̀, bí ẹgbẹ́ kejì bá wọlé, ayé òun bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ tí wọ́n fi ń bọ́ ìjánu kì í sì í tóbi tó ohun tí ń dẹ́rù bani. Ní Hungary, ẹgbẹ́ òṣèlú Viktor Orbán, tó di olórí ìjọba lọ́dún yẹn, gba nǹkan bí ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò lọ́dún 2010, ètò ìdìbò ibẹ̀ sì sọ ọ́ di ìdá méjì nínú mẹ́ta àga ilé aṣòfin. Wọ́n kọ ìwé òfin tuntun lọ́dún 2011, wọ́n sì fa ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì àwọn adájọ́ wálẹ̀ láti 70 sí 62. Ta ni yóò tìtorí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì tú síta láti fẹ̀hónú hàn? Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ adájọ́ àgbà ló bá a lọ.

Orílẹ̀-èdè tí ìṣirò náà ti hàn jù lọ ni Peru. Lọ́dún 1990, ọ̀wọ́n gógó ọjà ibẹ̀ ti kọjá ìdá 7,000 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ajàjàgbara Shining Path sì ń pa aráàlú nípakúpa. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí ààrẹ Peru, Alberto Fujimori, fi ológun ti ilé aṣòfin pa ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 1992, ìwádìí èrò aráàlú fi hàn pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló tì í lẹ́yìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ọwọ́ tẹ Abimael Guzmán, olórí Shining Path, ni gbogbo ìyìn bá lọ sọ́dọ̀ Fujimori. Ẹ̀ka ọlọ́pàá tó mú un, GEIN, ti wà láti oṣù kẹta ọdún 1990, kí Fujimori tó gorí àléfà. Ṣíṣọ́ ilé àti títú ìdọ̀tí tí wọ́n kó jáde níbẹ̀ wò ni wọ́n fi rí i mú, iṣẹ́ sùúrù tí kò bèèrè pé kí wọ́n ti ilé aṣòfin kankan pa. Fujimori fi ipò sílẹ̀ lọ́dún 2000 lẹ́yìn tí fídíò ìwà àbẹ̀tẹ́lẹ̀ agbaninímọ̀ràn rẹ̀ jáde, ilé ẹjọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 25 lọ́dún 2009 nítorí ìpànìyàn. Lọ́dún 2021, ọmọ rẹ̀ Keiko díje fún ipò ààrẹ, ìbò tí kò tó 45,000 ló sì fi pàdánù.