Ẹ má béèrè fáìlì dókítà, ẹ béèrè iṣẹ́ ìgbìmọ̀

Àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn tí ìgbìmọ̀ ò dáhùn wá sí ọ́fíìsì lọ́yà wa ní Abuja kì í wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ti fi ẹjọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí lọ́yà sùn níwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ onítọ̀hún, ọdún ti yípo, ìgbìmọ̀ ò sì sọ nǹkan kan. Ẹnìkan á wá gbà wọ́n nímọ̀ràn pé òfin FOI (Freedom of Information Act, òfin ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwífún) wà, pé kí wọ́n fi béèrè gbogbo ìwé tó wà nínú fáìlì dókítà náà. Wọ́n á kọ lẹ́tà. Ìgbìmọ̀ á kọ̀. Lójú tèmi, lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbìmọ̀ kò jẹ̀bi níbẹ̀ yẹn. Ìbéèrè náà ni kò dára.

Ní 28 May 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin náà. Ó fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwífún tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n abala 14 dárúkọ àwọn fáìlì tí wọn ò gbọ́dọ̀ dédé gbé fún ẹlòmíràn. Fáìlì akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ tó sì ń bá wọn wí wà nínú rẹ̀. Fáìlì aláìsàn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ohunkóhun tó lè tú orúkọ ẹni tó mú ẹ̀sùn wá síta. Àfi kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ gbà, tàbí kí ọ̀rọ̀ náà ti wà níta tẹ́lẹ̀, tàbí kí àǹfààní aráàlú wúwo ju àṣírí ẹnìkan lọ. N kò bínú sí abala yìí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni aláìsàn tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, ṣé ẹ ó fẹ́ kí aládùúgbò yín ní Nyanya máa ka àbájáde àyẹ̀wò yín?

Ohun tí abala 14 ò bò ni iṣẹ́ ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀sùn mélòó ló wọlé, mélòó ló ti parí, báwo ló ṣe parí? Kò sí orúkọ aláìsàn nínú ìyẹn, kò sí ti dókítà.

Ẹ jẹ́ ká fi Medical and Dental Council of Nigeria, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà níhìn-ín ní Abuja, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀sùn kì í ti ọwọ́ yín bọ́ síwájú adájọ́ lójijì. Wọ́n á ní kí dókítà fèsì, Panel tó ń ṣèwádìí á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀. Tó bá wà, ó di ti Tribunal, ìyẹn àwọn tó ń dá ẹjọ́ náà, tó lè yọ orúkọ dókítà kúrò nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, tó lè dá a dúró fún ìgbà tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí kó bá a wí lẹ́nu lásán. Ibi tí ẹ̀sùn ti dúró ṣe pàtàkì, torí ohun tó ń dá a dúró níwájú Panel yàtọ̀ sí ohun tó ń dá a dúró níwájú Tribunal. Ara àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ni wọ́n ti ń yan Tribunal. Bí ìjọba bá tú ìgbìmọ̀ ká, bí Ààrẹ Buhari ṣe tú ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ká ní July 2015, tí wọn ò sì tètè yan òmíràn, kò sí ẹni tí yóò jókòó gbọ́ ẹjọ́, bó ti wù kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì múra tó. Ẹni tó mọ èyí kò ní bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò tíì dá dókítà kan lẹ́jọ́. Á bi wọ́n pé ọjọ́ wo àti ọjọ́ wo ni Tribunal jókòó.

Tí mo bá ń bá ẹnìkan ní Kubwa kọ lẹ́tà náà, màá béèrè báyìí: láti January 2022 sí December 2024, ẹ̀sùn mélòó ni ìgbìmọ̀ gbà? Mélòó ni Panel ti parí, mélòó ló sì dé Tribunal? Ẹ̀sùn tó pẹ́ jù lọ nílẹ̀ báyìí, ọjọ́ wo ló wọlé? Ẹ fún mi ní ẹ̀dà ìlànà tí ẹ fi ń gba ẹ̀sùn, àti gbèdéke tí ẹ fún ara yín, bí ó bá wà. Ó tán. Ẹ yọ ẹkún kúrò nínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ó ń dun yín, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá kún fún ìbínú, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn, ibi tí ti àkọ́kọ́ ti sùn sí.

Wọ́n lè ní àwọn ò ka iye ẹ̀sùn rí. Abala 2 ni kí ẹ fi dá wọn lóhùn: ó pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba máa ṣàkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè ní orúkọ èèyàn wà nínú ìwé náà. Abala 18 ní kí wọ́n yọ ibi tó jẹ́ àṣírí, kí wọ́n fún yín ní ìyókù.

Ẹ̀sùn tiyín gan-an ńkọ́? Lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ fún un. Ẹ béèrè déètì nìkan: ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí dókítà, ọjọ́ tó fèsì, ọjọ́ tó dé iwájú Panel. Bí ẹ bá pa á pọ̀ mọ́ ti iye ẹ̀sùn, wọ́n á sọ pé ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, wọ́n á sì fi gègé kan ṣoṣo pa méjèèjì rẹ́.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín pẹ̀lú déètì. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa kọ ọ́ sílẹ̀, tí á sì fún un ní ẹ̀dà kan. Bẹ́ẹ̀ ni abala 3 wí, bí ọ̀dọ́mọdé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ò bá tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Owó ẹ̀dà ìwé nìkan ni wọ́n lè gbà.

Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún yín. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí kíkọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ọjọ́ 30 ni abala 20 fún yín láti gba ilé ẹjọ́ lọ, ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ ló sì ti ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí sùúrù yín tán. Ẹnìkan á máa kọ lẹ́tà ìránnilétí, akọ̀wé á máa sọ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí ọgbọ̀n ọjọ́ á fi pé. Adájọ́ lè fi àkókò kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣàlàyé. Ọjọ́ tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ ni kí ẹ ti kọ déètì méjèèjì, ti ọjọ́ 7 ìdáhùn àti ti ọjọ́ 30 ilé ẹjọ́, sórí ẹ̀dà yín. Nílé ẹjọ́, iléeṣẹ́ ìjọba ló máa fi ẹ̀rí hàn pé òun ní ìdí láti kọ̀, ìtanràn kíkọ̀ láìnídìí sì jẹ́ ₦500,000. Ṣùgbọ́n owó lọ́yà kì í ṣe eré. Ẹ bèèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó bínú lọ.

Àwa lọ́yà náà ò yọ sílẹ̀: ìgbìmọ̀ tó ń bá wa wí lábẹ́ Body of Benchers (ẹgbẹ́ àwọn àgbà lọ́yà àti adájọ́) ṣeé bi ní irú ìbéèrè kan náà. Ẹ̀yin tó wà ní Kaduna, Kano tàbí Mararaba tó bọ́ sí Nasarawa, bí àjọ ìpínlẹ̀ bá ní òfin àpapọ̀ ò kan òun, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá a ní April 2025 pé ó kàn án.

Bí èsì bá dé tó fi hàn pé Panel ti ṣe tirẹ̀ tán, tó jẹ́ Tribunal ni kò jókòó, ẹ má tún máa pààrà ọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Kì í ṣe ọwọ́ wọn ló kù sí. Mínísítà ètò ìlera ni kí ẹ kọ̀wé sí, àti aṣojú-ṣòfin tó ń ṣojú AMAC (Abuja Municipal Area Council) àti Bwari bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì ni ẹ ń gbé, kí ẹ sì so ẹ̀dà èsì náà mọ́ ọn.