Bí Ẹran Ara Ṣe Ń Di Mímọ́ Gaara fún Ìwádìí Ìṣègùn Láìpẹ́ Púpọ̀

Ohun tí kì í jẹ́ kí a rí inú ẹran ara ni pé omi, ọ̀rá àti purotéènì tó wà nínú rẹ̀ kì í tẹ ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 1.33 fún omi, ti ọ̀rá tó nǹkan bí 1.45, ti purotéènì sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé á yà síhìn-ín, á yà sọ́hùn-ún, títí yóò fi fọ́nká. Bí a bá fọ ọ̀rá kúrò, tí a sì fi omi oògùn tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bíi ti purotéènì rọ́pò omi lásán, ẹran náà yóò mọ́ gaara, a ó sì lè fi maikirosikóòpù wo àárín rẹ̀ láìgé e.

Àkókò tó ń gbà ni ìṣòro. Nínú ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní CLARITY, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford gbé jáde ní 2013, wọ́n á kọ́kọ́ fi èròjà tó ń dì bíi jẹ́ẹ̀lì di purotéènì mú kí ó má baà ṣàn lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọṣẹ SDS fọ ọ̀rá dànù. Ọṣẹ yìí kan náà ló ń mú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọyín hó. Bí a bá kàn rẹ odindi ọpọlọ èkúté sínú rẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí pé ṣe ni ọṣẹ ń rá pálá wọlé fúnra rẹ̀, bí ọ̀nà bá sì jìn ní ìlọ́po méjì, àkókò á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí mìlímítà 1 bá gba ọjọ́ 1, ọjọ́ 9 ni mìlímítà 3 yóò gbà. Ẹni tó ń kánjú lè gé ẹran náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àmọ́ ó ti gé fọ́nrán iṣan tó fẹ́ tọpa rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà tó yá jù ni kí a fi iná mànàmáná fa ọṣẹ náà. Èérún SDS ní iná lára, nítorí náà, bí a bá ki ọ̀pá iná méjì bọ inú omi ọṣẹ, àwọn èérún náà á gba inú ẹran kọjá lọ sọ́dọ̀ ọ̀pá tó ń fà wọ́n, wọ́n á sì máa kó ọ̀rá dání lọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ á di iṣẹ́ ọjọ́. Ṣùgbọ́n iná a máa mú ooru wá, ooru àpọ̀jù a sì máa sọ ẹran di aláwọ̀ búráùn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kan fi ń fa ọṣẹ náà yípo, tó ń mú un tutù kí ó tó padà sínú abọ́. Bí iná bá sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹran lè wọ́. Ní 2015, àwọn onímọ̀ MIT ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yí ìhà tí iná ń fà sí padà lemọ́lemọ́: ọṣẹ tí kò so mọ́ nǹkan kan á tàn kálẹ̀ kíákíá, purotéènì tó so mọ́ra á kàn máa mì lójú kan.

Ẹran tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ọṣẹ á ṣì funfun, á wú díẹ̀, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà sì lè rò pé ó ti bàjẹ́. Inú omi oògùn ìkẹyìn, èyí tó ń rọ́pò omi lásán, ló ti ń mọ́. Bí a bá gbé e lé ìwé tí a fa ìlà sí, tí ìlà hàn létí ẹran ṣùgbọ́n tó ṣú láàárín, ọ̀rá ṣì kù nínú rẹ̀, inú ọṣẹ ló ń padà sí.